Ọjọ́ Kan Tí Ẹ̀rọ Kò Mọ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa ń ka ojú ọjọ́ ìgbà ẹ̀rùn ní Èbúté Olómi, tonílé tàlejò ló máa ń gbé àga wá sétí adágún. Ìbídùn ló ń kà á látinú ìwé. Ọdún kẹsàn-án rèé, ẹ̀rọ tó ń sọ bí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe máa rí, tó sì ń kọ ọ́ síbẹ̀, kò ṣì í sọ rí.

"Ọjọ́ kejìdínlógún, ọyẹ́ títí di aago mẹ́wàá." Àwọn apẹja ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó dé ọjọ́ kọkàndínlógún, ó fi ìka tọ ìlà náà. Ó rò ó pé wọ́n á ní òun ló ba ìwé jẹ́. Ó tún un wò, ó sì kà á bó ṣe wà.

"Mi ò mọ̀."

Bàbá Fátókun, àgbà apẹja, dìde.

"Ìbídùn, kí ni ẹ̀rọ wí?"

"Ó ní òun ò mọ̀, bàbá."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Òjò ló máa rọ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ yìí ti dé, kò sẹ́ni tó bi orúnkún mi, tó máa ń ro mí bí òjò bá ń bọ̀, léèrè mọ́."

"Ẹ má dá bàbá lóhùn," ni Ìyá Ṣẹ̀yẹ tó ń yan ẹja wí. "Oòrùn á ràn bí iná."

Ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kò sẹ́ni tó rántí pé kí Ìbídùn ka ogúnjọ́ mọ́.

"Ìbídùn, ìwọ ńkọ́?" ni bàbá bi í. "Kí lo rò?"

Ìbídùn ká ìwé rẹ̀, ó sì gbójú sókè wo ojú ọ̀run. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń sọ ojú ọjọ́ fún wọn. Wọn ò bi í rí.