Ọkùnrin Tó Gbé Ilẹ̀kùn Gáréèjì Ró

"Bí mo bá sín pẹ́nrẹ́n báyìí, gbogbo àdúgbò yìí á di pẹlẹbẹ!"

Jagunlabí ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu gáréèjì ilé tuntun tí wọ́n ń kó wọ̀.

Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó fi gbé ilẹ̀kùn irin kan ró. Ilẹ̀kùn ọ̀hún fẹ̀ tó iwájú ilé, ó sì ga débi pé ẹyẹ á sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó fò ó kọjá.

Ìyá ìyàwó rẹ̀ dúró, ó ń wò ó.

Ìyá ti ru bẹ́ẹ̀dì. Ó ti ru fìríìjì. Òjò ti ṣú, ẹrù ṣì kún inú ọkọ̀, àmọ́ ta ni yóò ní kí ẹni tó gbé ilé ró wá ru àga?

"Ọkọ ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o. Ṣé kò ní pa ọ́ báyìí?"

"Màámi, ikú kọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Ebi ni."

Àánú ṣe ìyá. Ó sáré wọ abẹ́ ilẹ̀kùn, ó na ọwọ́ tirẹ̀ náà sókè.

"Lọ jẹun! Mo ti dì í mú!"

"Ẹ dì í le o! Ẹ má mí!" Jagunlabí sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó lọ jókòó ti oúnjẹ.

Òógùn bo ìyá. Irin náà wúwo bí òkè.

Ni obìnrin tó fi ilẹ̀kùn náà sí ilé bá dé, ó fẹ́ wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

"Màmá, ṣé olè ló ní kí ẹ káwọ́ sókè ni?"

"Ọmọ mi, bá mi gbé e! Ó ti fẹ́ pa mí!"

"Ẹ gbé kí ni? Epo tó wà nínú ọ̀pá irin ẹ̀gbẹ́ yẹn ló ń gbé e ró. Àfi tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì kó tó wálẹ̀, erin ì báà gun orí ẹ̀."

Ìyá sọ ọwọ́ kan kalẹ̀. Ó sọ ìkejì.

Ilẹ̀kùn ò tilẹ̀ mì.

Ó rọra yíjú sí àna rẹ̀. Búrẹ́dì ti wú u lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ìwọ ọmọ yìí!"

Jagunlabí ò dúró gbé búrẹ́dì ẹnu rẹ̀ mì. Ó ti ya kọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ ò kanlẹ̀ mọ́.