Ìgò Lọ́fínńdà Wúràọlá

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rọ ìjọba tó ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, tó ń wo ohun tí wọ́n fi ìgò òfìfo ṣe láti ojúlé dé ojúlé, kan ilẹ̀kùn Ìyá Wúràọlá.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Kí lẹ fi ìgò ọ̀sẹ̀ yìí ṣe?"

Ìyá gbé àtùpà tó fi ìgò ṣe jáde. Òwú tó rẹ sínú kẹrosíìnì ló fi yí ìgò náà po, ó ṣáná sí i, ó sì tì í bọ omi tútù kó lè gé dọ́gba.

"Ó mà dára o! Ẹ kúuṣẹ́."

Láti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, kò sẹ́ni tó tíì bá Ìyá sọ̀rọ̀.

"Ṣé òfìfo mìíràn wà nílé? Bí kò bá sí, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí n tó padà wá."

Ìyá bojú wẹ̀yìn wo inú ilé. Ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé, ìgò mélòó ni yóò mu tán? Lọ́fínńdà Wúràọlá, ọmọ rẹ̀ tó ṣaláìsí, nìkan ló kù lórí pẹpẹ. Ó máa ń ṣí i gbóòórùn.

"Ẹ dúró ná," ló wí. Ó wọlé, ó dà á sílẹ̀ pátápátá.

"Òfìfo kan rèé."

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ó di Ọjọ́bọ̀."

Gbogbo ilé ń ta sánsán títí ilẹ̀ fi ṣú, àfi bíi pé Wúràọlá wà ní yàrá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òórùn náà ti lọ. Ó ṣì ku ọjọ́ mẹ́fà kí Ọjọ́bọ̀ tó pé.