Irin Ìdábùú Mẹ́rin

Nígbà tí àwọn ará ìlú tó fínnúfíndọ̀ ń tún ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́ ṣe nítòsí Tchaourou ka irin ìdábùú tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ ojú irin, wọ́n rí i pé mọ́kàndínlógún ti sọnù. Seidou, olórí wọn, ní kí oníkálùkù dá èyí tó mú padà, òun kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè. Alágbẹ̀dẹ ru èyí tó ń lu ọkọ́ lé lórí wá. Ọ̀gá ilé-ìwé fi ẹ̀rín gbé èyí tí wọ́n ń lù bí aago wá. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, ó ku mẹ́rin.

Hawaou alákàrà ló sọ̀rọ̀. "Tonton Seidou, èmi ò lè purọ́. Ọdún tí omi gbé afárá lọ, mo rí Moctar tó fi pọ́sì-pọ́sì, kẹ̀kẹ́ àfọwọ́tì rẹ̀, kó mẹ́rin nínú òjò. Ó tún fi aṣọ bò wọ́n bí ìyàwó tuntun!"

Moctar wà nínú gọ́tà tó ń gbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Òun ni wọ́n fún ní ṣọ́bìrì, nítorí etí kòtò tó bá gbẹ́ kì í wó.

"Ṣé òótọ́ ni?" Seidou bi í.

"Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Níbo ni wọ́n wà? O tà wọ́n?"

"N ò tà wọ́n."

"Àbí o jẹ wọ́n ni?" Hawaou ní. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

Seidou kò rẹ́rìn-ín. Issiaka bàbá rẹ̀ ló ṣọ́ ojú irin yìí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìṣó kan kò sọnù lójú rẹ̀. Cotonou ni Seidou wà nígbà tí bàbá náà kú ní ọdún afárá yẹn. Ọjọ́ kẹjọ ló tó rí ọ̀nà wá.

"Bí bàbá mi bá dìde lónìí, kí lo máa sọ fún un?"

Moctar tún ki ṣọ́bìrì bọ ilẹ̀.

"Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò bá délẹ̀ ká tó kírun Jímọ̀, n ó dárúkọ rẹ ní mọ́sáláṣí," Seidou ní.

Nílé Moctar, Faridath ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́. "Bàbá Rahamatou, Sátidé ni àwọn ará Tchatchou ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ yín. Ta ló máa fẹ́ ọmọ olè? Ẹ sọ ibi tí wọ́n wà!"

"Bí mo bá sọ ọ́, Seidou á fẹ́ lọ kó wọn."

"Kó kó wọn! Irin ni, kì í ṣe ẹyin."

"Wọn ò ṣeé kó."

Ní Ọjọ́bọ̀, Moctar lọ sọ́dọ̀ gbogbo àwọn tó ń ra irin àlòkù ní Tchaourou láti ra mẹ́rin mìíràn dípò wọn. Kò rí èyí tó jọ wọ́n.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Seidou dìde, ó dárúkọ rẹ̀. Moctar ní, "Èmi ni mo kó wọn," kò sì fi kún un. Ẹnikẹ́ni kò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ará Tchatchou ti fóònù pé iṣẹ́ oko kájú pọ̀, àwọn kò ní lè wá mọ́.

Seidou kò bá àwọn yòókù lọ jẹun. Ó gba itẹ́ òkú lọ láti sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ti rí olè náà mú, ó kúnlẹ̀, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ilẹ̀ tí Moctar, agbẹ́sàréè ìlú, ti dá nìkan fi irin ìdábùú mẹ́rin náà gbé ró lábẹ́ nígbà tí òjò wó sàréè àgbàlagbà náà lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, tí ọmọ rẹ̀ kò tíì dé.