Ọ̀kọ̀ Tó Há Sáyà Dírágónì

“Àyà dírágónì ni mo gún, Bàbá! Ọ̀kọ̀ tí ẹ rọ fún mi ṣì há síbẹ̀!” ni jagunjagun kan ń fọ́nnu.

Alágbẹ̀dẹ yin Olúwa. Ó ti búra pé ẹni tó bá pa ẹranko atutọ́-iná náà ni yóò fẹ́ ọmọ òun.

“Aṣọ rẹ mọ́ tónítóní,” ni ọmọbìnrin náà wí.

“Ọ̀kọ̀ náà gùn, olólùfẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ò lè dé ọ̀dọ̀ mi.”

Ni ẹnìkan bá kanlẹ̀kùn. Dírágónì ló dúró síta, ó rọra gbé ọ̀kọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ kalẹ̀.

“Ẹ kú ilé, Bàbá. Ọkùnrin kan ju èyí sílẹ̀ lójúde mi, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ bá a tọ́jú rẹ̀, kó má baà gún ọmọ ọlọ́mọ.”

Alágbẹ̀dẹ bojú wẹ̀yìn. “Àna mi, wá kí àlejò.”

Ohùn kan jáde lábẹ́ tábìlì: “Ẹ ní mi ò sí nílé.”