Yusrah Tó Fi Ohùn Àǹtí Rẹ̀ Wá Máàkì

Ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọ sí ìlú òyìnbó, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé ìparí, kí ẹ sì pe ọmọ yín wá gbọ́ ọ.

1.
Ní Peckham ni Yusrah ń gbé, lọ́dọ̀ Àǹtí Àsúmáù àti ọkọ rẹ̀. Àǹtí yìí, àbúrò màmá rẹ̀, ló tọ́ ọ dàgbà látìgbà tí màmá rẹ̀ ti kú. Láti kékeré ni ọmọ náà ti máa ń bá àǹtí rẹ̀ dáhùn fóònù. Bí council pè, bí báńkì pè, Yusrah á yí ohùn padà, á ní, "Yes, Mrs Lateef speaking." Àǹtí á jókòó tì í, á máa rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ á máa dùn pé òun tọ́ ọmọ tó gbọ́n. Ilé ta ni wọn kì í ti í ṣe é? Ẹ má purọ́ fún mi.

Nígbà tó wọ yunifásítì, ètò ọrọ̀ ajé ni iṣẹ́ gangan tó ń kà. Ó wá fi ẹ̀kọ́ kékeré kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Global Studies, níbi tí wọ́n ti ń po ìtàn, òṣèlú, ìrìnàjò àti ọ̀rọ̀ ajé pọ̀ bí ẹní ń ro àṣáró. Àǹtí ní òun ò rí orí òun ò rí ìdí rẹ̀. Àmọ́ Yusrah fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ìgbésí ayé àwọn ará ilé òun náà tó ohun tí wọ́n ń kà níwèé.

2.
Olùkọ́ wọn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Agnes, ní kí kálukú lọ gba ohùn ẹnì kan sílẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nílé, tí ìkejì wà ní London. Àǹtí Àsúmáù kọ́kọ́ kọ̀. Yusrah bẹ̀ ẹ́ títí.

"Aunty, màá change orúkọ yín. Èmi àti lecturer mi nìkan ló máa gbọ́, I swear."

Nígbẹ̀yìn, Àǹtí gbà. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ tó ti ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn látọjọ́ yìí. Basit, tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí gbogbo ayé mọ̀ sí àbúrò rẹ̀, ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni. Ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ni Àǹtí nígbà tó bí i. Ìyá rẹ̀ ló gba ọmọ náà, ó ní òun lòun bí i.

"Uncle ẹ mọ̀," ni Àǹtí wí, omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Basit nìkan ni ò mọ̀. Lẹ́yìn Iléyá mo ń lọ ilé, mo ti ra ticket. Ẹnu ara mi ni mo fẹ́ fi sọ fún un. Kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Aunty."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Àmọ́ bí Àǹtí ṣe ń sunkún, ohun tó wà lọ́kàn Yusrah ni pé kò sẹ́ni tó máa rí irú èyí mú wá sí kíláàsì. Ojúkòkòrò kì í ṣe ti owó nìkan.

3.
Agnes ní àwọn máa ṣe ìpàtẹ kan ní Peckham, níbi tí aráàlú á ti gbọ́ àwọn ohùn náà. Ó ní òun á pe olóhùn kọ̀ọ̀kan, kóun gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé ó gbà.

Fóònù dún nígbà tí Àǹtí wà lórí ẹní, tó ń kírun Àsárì. Yusrah gbé e. Ó yí ohùn padà, bó ṣe máa ń ṣe fún council.

"Yes, I'm her auntie. Yes, I'm happy. Play everything."

Àǹtí sálámà tán, ó ní, "Ta ló pè?"

"Council ni, Aunty. I've sorted it."

"O ṣeun, ọmọ mi."

4.
Agnes yin iṣẹ́ náà dọ́ba, ó ní iṣẹ́ náà ni wọ́n máa fi ṣí ìpàtẹ. Yusrah lọ sọ fún Aishah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ilé wọn wà ní Old Kent Road. Ó rò pé yóò bá òun yọ̀. Ojú Aishah yí padà.

"You changed the name, but ohùn ńkọ́? Aunty yín ló ń lé orin ní àsàlátù every Sunday. Gbogbo Peckham mọ ohùn yẹn. Just tell Agnes."

"Tí mo bá sọ fún un, wọ́n á lé mi kúrò. I faked the call, Aishah. And it's a First, máàkì tó ga jù."

"Then sọ fún Aunty."

Ó mú fóònù, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó ń tan ara rẹ̀ pé àwọn òyìnbó ló máa wá, pé àwọn ìyá àsàlátù kì í lọ sírú ibẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe, kò ṣe é.

5.
Lọ́jọ́ ìpàtẹ, Àlájà Fatimah tó máa ń jókòó ti Àǹtí ní àsàlátù ń kọjá lọ. Ó rí àwòrán Yusrah lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kóun wọlé wá kí ọmọ àwọn. Bó ṣe wọlé ni ohùn Àsúmáù bẹ́ jáde nínú sípíkà. Orúkọ Àǹtí ni Yusrah yí padà. Orúkọ Basit ṣì wà níbẹ̀ gbangba.

Àlájà dúró, ó gbé fóònù sókè, ó ń gba ohùn náà sílẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò ní ibi lọ́kàn. Kí Yusrah tó la èrò kọjá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́.

"Àlájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ delete ẹ̀."

"Mo ti fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Ìjẹ̀bú, kí wọ́n lè bá a ṣàdúà."

6.
Kí Àǹtí tó ti ibi iṣẹ́ dé, ohùn Basit ti wà lórí fóònù rẹ̀. Ó gbọ́ ọ níṣojú Yusrah.

"Sister mi, mo ti gbọ́. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ kó tó kàn mí. Mi ò mọ ohun tí màá máa pè yín báyìí. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu àtiwá mọ́."

Àǹtí pè é, pè é, kò gbé e. Yusrah wá kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí dórí ìpè tó ní council ni. Àǹtí ò na ọwọ́ sí i, kò gbé e ṣépè. Ohun kan péré ló bi í.

"Yusrah, ṣé wọ́n fún ẹ ní máàkì ọ̀hún?"

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ lè bá àgbà gbé fóònù, ṣùgbọ́n ẹ má bá àgbà gbà sí ohun tí ẹ ò bi í. Àṣírí tí wọ́n bá fi hàn yín, ti ẹni tó ni ín ni, ì báà ṣe ìwé lẹ fẹ́ fi kà. Ẹ̀yin òbí, irọ́ kékeré tí ẹ ń bá ọmọ rẹ́rìn-ín sí, iṣẹ́ lẹ ń fi kọ́ ọ. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ránṣẹ́ láìbi í. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.