Ẹja Mẹ́ta Péré

"Ẹja mẹ́ta péré ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, Ìyá," ni Ọpẹ́dayọ̀ wí, bó ṣe ń nu àpótí gíláàsì nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kabba. "Bí wọ́n bá pọ̀ jù, wọ́n á máa ṣe ara wọn léṣe."

Tíṣà tó wá ra ẹja náà kò gbọ́ ìyókù. Kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ṣe ní kó máa sin ẹja. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni àwọn ajínigbé fi dì í lójú nínú igbó lọ́dún tó kọjá. Kò rí ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn, àfi ohùn ẹni tó ń nà án ló mọ̀. Olóhùn náà rèé tó ń tẹja.

"Omi ńkọ́?" ló bi í, kó lè dá a lójú.

"Ẹ jẹ́ kó jókòó fún ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó kó ẹja sí i."

Ohùn yẹn náà ni.

Ọpẹ́dayọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ń to òkúta sí ìsàlẹ̀ àpótí. Tíṣà mú èyí tó tóbi jù, ó fi lù ú lágbárí lẹ́ẹ̀mẹta. Ọpẹ́dayọ̀ ṣubú lu gíláàsì, gíláàsì fọ́, omi òun ẹ̀jẹ̀ dà sílẹ̀ pọ̀. Kò mira mọ́.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Ọkùnrin kan tó gbé ọ̀rá omi tí ẹja wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ wọlé. Ó wo òkú, ó wá tẹjú mọ́ obìnrin náà.

"Okun o, Tíṣà," ló fi kí i. Ohùn kan náà ni. "Àbúrò mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́ rí."

Ó sì ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀.