Ẹja Ìgbéyàwó Jímọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ṣọwọ́ sí ẹlòmíràn.

1. Ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ọ̀fà ni. Wọ́n sé odò kan lẹ́yìn ìlú kí ẹ́ńjìnnì lè máa rí omi lò, kò sì pẹ́ tí ẹja fi kún inú adágún náà. Ràímì àgbẹ̀ gbọ́. Ìgbéyàwó Jímọ̀, àbúrò rẹ̀, ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sì ti fọ́nnu fún àwọn àna pé ẹja tútù ni wọn yóò fi jẹun.

Ó wá àwọ̀n, ó wá agbọ̀n, ó ṣẹ́ igi tí wọn yóò fi yan ẹja sílẹ̀.

Àrìnpé, ìyàwó rẹ̀, bi í pé, "Baálé mi, ṣé ẹ ti lọ wo omi náà?"

"Odò tí mo ti ń wẹ̀ láti kékeré? Kò kọjá ìbàdí!"

"Wọn ò tíì sé e nígbà yẹn."

"Ata ni kí o máa lọ̀ ní tìẹ."

2. Jímọ̀ ò mọ omi wẹ̀. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n máa fa àwọ̀n láti etí omi."

Ràímì bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ ìyàwó ń sá fómi! Ṣé kí n lọ sọ fún Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ ni?"

Ojú ti Jímọ̀. Ó di àwọ̀n mú, ó wọ omi. Ó dé orúnkún, ó dé ìbàdí.

"Ṣó o rí i? N ò sọ fún ọ?"

Inú kòtò jíjìn tí wọ́n ti gbẹ́ erùpẹ̀ tí wọ́n fi sé odò ni ẹsẹ̀ Jímọ̀ bọ́ sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi!"

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ké. Ràímì bẹ́ sómi, ó na ọwọ́ títí, àwọ̀n nìkan lọwọ́ rẹ̀ bà. Ó fà á jáde. Ẹja ń ta pọ́npọ́n nínú rẹ̀.

3. Ọjọ́ kejì lòkú léfòó. Wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín. Àṣàkẹ́ dé, làálì ìyàwó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo béèrè ẹja lọ́wọ́ yín ni?"

Ìyá Ràímì ò tiẹ̀ bú u. Oúnjẹ ló ń gbé fún un láràárọ̀ láìwo ojú rẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń pa Ràímì lọ díẹ̀díẹ̀.

Ìwọ tó ń kà á, omi tí o mọ̀ lánàá lè má jẹ́ omi tòní. Lọ wò ó kí o tó mú ọmọ ẹlòmíràn débẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì ní ẹ̀rù ń ba òun, jọ̀wọ́, má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo àgbà ìlú pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe.